Kárọ́ọ̀tì Kọ́ Ló Bó Ìyá Ìbejì

Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní ìdí ẹ̀rọ omi lẹ ti gbọ́ ọ. Bí mo ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi yìí, ẹ̀wà ni mò ń ṣà. Bí ojú mi bá wá ṣèèṣì rí nǹkan, ẹjọ́ ojú mi nìyẹn. Àmọ́ òótọ́ ò ṣeé fọwọ́ bò: Ìyá Ìbejì yàrá kẹta ti pupa.

Ẹ mọ̀ ọ́n kẹ̀. Adúmáadán tó kó wá síbí lọ́dún tí wọ́n la gọ́tà iwájú ilé, tí wọ́n fún ọkọ ẹ̀ ní yàrá tí Bàbá Ráfíù kó kúrò nínú ẹ̀ lóru láìsan owó ilé. (Ti Bàbá Ráfíù ń bọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn ni, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kó gbé àga wá lọ́la.) Obìnrin náà dúdú, ó ń dán. Tó bá fi àdí para tán, tó ró ìró aláwọ̀ ọsàn, ọkùnrin mélòó ló ti fẹsẹ̀ kó sí gọ́tà yẹn! Ìgbà tó yá, mo kàn rí i pé ojú ẹ̀ ti ń mọ́. Kò pẹ́, ọrùn tẹ̀ lé e. Nígbà tí a ó fi sọ ọmọ Ìyá Ṣèyí lórúkọ, ó ti di apọ́nbéporẹ́. Oríkèé ọwọ́ ló kọ̀ jálẹ̀. Etí náà ò gbà. Ẹsẹ̀ ò tiẹ̀ dá sí i. Àwọn ọmọ àdúgbò, tí wọn kì í ṣẹni ire, ti sọ ọ́ lórúkọ: ojú Fáńtà, ẹsẹ̀ Kóòkì.

Mo pè é jẹ́jẹ́. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ara mà ń tàn o, kí lò ń fi para báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kárọ́ọ̀tì ni, mà. Kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ, àti wàrà ewúrẹ́. Kò sí kẹ́míkà kankan nínú ẹ̀. Ọ̀gáníìkì ni."

Kárọ́ọ̀tì! Ẹ bá mi dá sí i. Bí kárọ́ọ̀tì bá ń bóra, ṣé àwọn ọmọkùnrin tó ń ti báárò kárọ́ọ̀tì kiri láàárọ̀ dalẹ́ ò ní ti di òyìnbó? Dúdú ni wọ́n ń lọ, dúdú ni wọ́n ń bọ̀. Ehoro tí Àlùfáà ń sìn lẹ́yìnkùlé, kárọ́ọ̀tì ló fi dàgbà, àwọ̀ eérú tó gbé wáyé náà ló ṣì ń gbé kiri. Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìpara yẹn, òun gan-an ni wọn ò kọ sí i lára.

Ọwọ́ Aǹtí Gílóò ló ti ń rà á. Aǹtí Gílóò ló ni ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹténà tó wà ní oríta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Onímọ́ínmọ́ín tó máa ń ki ẹyin bọ mọ́ínmọ́ín tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé òórùn ẹyin la kù tí à ń gbọ́ níbẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá pe Aǹtí Gílóò ní abóra, ìjà dé. Ó ní òun kì í bóra, òun ń tóònù ni. Oríṣi méjì ló ń tà. Ti ojú, inú páálí ló wà, òkè òkun ló ti wá. Ti ara, òun fúnra ẹ̀ ló ń pò ó nínú báàfù, tí yóò bù ú sínú ike funfun. Lára páálí, wọ́n ya kárọ́ọ̀tì. Lára ike, nọ́ńbà fóònù Aǹtí Gílóò nìkan ló wà níbẹ̀, kí èèyàn lè pe òun padà tó bá tán.

Bàbá Télọ̀ ló tú àṣírí páálí. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti gba òkìríkà gbọ́, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí máṣíìnì mọ́. Ìwé kíkà ló kù fún bàbá. Wọ́n á ka ìwé ìròyìn, wọ́n á ka bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà, wọ́n á ka ìwé ìkésíni ìgbéyàwó tí wọn ò pè wọ́n sí. Páálí ìpara Ìyá Ìbejì, ẹ̀bá ààtàn ni wọ́n ti ṣà á. Wọ́n sún gíláàsì sójú imú, wọ́n kà á títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ tíntìntín.

Wọ́n ní, "Ẹ wá gbọ́ o. Wọ́n ní ká má jẹ́ kó kan wúrà, ká má jẹ́ kó kan fàdákà, tàbí rọ́bà, tàbí alumíníọ̀mù. Ìpara wo ló ń bá wúrà jà?"

A ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Aǹtí Nọ́ọ̀sì yọ ní yàrá kejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni, oorun ṣì wà lójú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mẹ́kúrì ló ń bá wúrà jà."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà mọ mẹ́kúrì. Òun ni nǹkan bíi fàdákà tó ń ṣàn nínú gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ibà láyé àtijọ́. Àwọn awagóòlù ń fi kó ẹ̀rún góòlù jọ, torí bó bá ti kan góòlù, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ẹni tó ṣe ìpara yìí ò fẹ́ kí òrùka oníbàárà bà jẹ́ sọ́rùn òun, ló fi kọ ìkìlọ̀. Ó ṣàánú ẹ̀gbà ọrùn, kò ṣàánú ọrùn.

Aǹtí Nọ́ọ̀sì ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá rí irú ìkìlọ̀ yẹn lára ìpara, kó fura sí mẹ́kúrì, bí wọn ò bá tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Mẹ́kúrì tún láwọn orúkọ tó fi ń sá pamọ́: calomel, mercurous chloride, mercuric, mercurio. Ẹ ní kí ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé kọ wọ́n sílẹ̀ fún yín. Àmọ́ èyí tí wọn ò kọ rárá ló pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ewu wà.

Mo bi í pé báwo wá ni mẹ́kúrì ṣe ń sọ èèyàn di pupa. Ó ní nǹkan kan ń bẹ nínú awọ wa tó ń po àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa, èyí táwọn oníṣègùn ń pè ní melanin. Mẹ́kúrì á wọlé, á fún apoǹkan yẹn lọ́rùn. Bí kò bá po nǹkan mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ibi tó sì ti burú ni pé mẹ́kúrì kì í dúró sí awọ. Ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń lọ bá kíndìnrín. Lọ́dún 1972, àwọn dókítà kan ní Nairobi kọ̀wé nípa àwọn àgbàlagbà tí ara wọn ń wú, tí kíndìnrín wọn ò di èròjà ara mú mọ́, tó ń bá ìtọ̀ jáde. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì para. Àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ìwé yẹn, ìpara ọ̀hún ṣì wà ní oríta wa.

Bàbá Télọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fi ìwé borí àwọn, wọ́n ní àwọn náà ti ka nǹkan. Wọ́n ní àdéhùn kan wà tí wọ́n sọ ní Minamata, orúkọ ìlú kan ní Japan tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń da mẹ́kúrì sínú òkun, tí àwọn tó jẹ ẹja ibẹ̀ di arọ, tí àwọn mìíràn kú. Ọdún 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lù ú, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Wọ́n ní tó bá fi máa di 2020, ìpara tí mẹ́kúrì inú ẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́jà. Bàbá Télọ̀ ṣírò ẹ̀ fún wa: ká to ogún àpò sìmẹ́ńtì jọ, ká wá wá gíráàmù kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀. Ní 2023, wọ́n tún jókòó ní Geneva, wọ́n ní gíráàmù kan yẹn gan-an ti pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ sí nínú ìpara mọ́ rárá lẹ́yìn 2025.

Níbi tí mo sọ̀rọ̀ dé yìí, Ìyàwó Láńlọ́ọ̀dù máa ń ní, "Ara Ìyá Ìbejì ni, kí ló kàn yín níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ n dá a lóhùn. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń wọ̀. Okùn kan là ń sáṣọ sí. Àwọn ìbejì ń fi ẹnu ko ìyá wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń sùn lórí ìrọ̀rí ẹ̀ lálẹ́, wọ́n wá ń fi ọwọ́ kan náà gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Lọ́dún 2010, ní California àti Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí àwọn ẹbí kan tí ẹnì kan tàbí méjì ń fi irú ìpara yìí para nínú ilé. Ìgbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ gbogbo ilé wò, wọ́n bá mẹ́kúrì lára ẹni tí kò fọwọ́ kan ike rí, ọmọdé wà nínú wọn. Ó ń ran aṣọ ìnura, ó ń ran ìrọ̀rí, ó tún ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Ní California yẹn náà, lọ́dún 2019, obìnrin kan ní Sacramento ra ìpara tí wọ́n ti ti ẹ̀yìn po oríṣi mẹ́kúrì kan tó le gan-an mọ́; ó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́. Orúkọ tó dára ló sì wà lára ike ọ̀hún o!

Ariwo wa ló jí Ìyá Onílé. Wọ́n jáde, wọ́n fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìgbà tiwa ńkọ́?" Ìgbà tiwọn, sìsì ìlú Èkó ni wọ́n. Nígbà tí Fẹlá gbé àwo "Yellow Fever" jáde lọ́dún 1976, tó fi ń na àwọn abóra lẹ́gba ọ̀rọ̀, Ìyá Onílé búra pé àwọn gan-an ni Fẹlá ń bá wí, pé ó rí àwọn níbi àríyá kan ní Sùúrùlérè lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Títí dòní, bí rédíò bá fi orin yẹn sí i, wọ́n á pa rédíò.

Kí ló wà lábẹ́ ìborùn? Èmi ti rí i, torí èmi ni mo ń bá wọn di irun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dúdú kirikiri, dúdú tó ní búlúù nínú, ó sì rí ṣákiṣàki tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Hydroquinone, èròjà abóra mìíràn, ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà ń dí àwọ̀ lọ́wọ́, ara á kọ́kọ́ pupa. Tó bá pẹ́, tó sì pọ̀, pàápàá fún ẹni tí oòrùn ń pa, á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta búlúù sí abẹ́ awọ. Ọdún 1975 ni dókítà awọ ara kan tó ń jẹ́ Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tó bá ṣe kì í mọ̀ pé ìpara ló ń ṣú òun. Á rò pé ìpara ò tó ni, á tún bu sí i. Ó ń sá fún dúdú, ó sá bọ́ sí àyà ẹ̀. Ó sì nira kó tó kúrò.

Gúúsù Áfíríkà ò tiẹ̀ ṣeré: lọ́dún 1990, wọ́n fòfin de hydroquinone nínú ìpara, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ polówó pé nǹkan òun ń bóra. Ghana lé e jáde ní 2016. Níbí, àjọ NAFDAC tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa ní kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdá méjì ni wọ́n á kọ sí páálí, àmọ́ ta ló wọ̀n ọ́n nínú báàfù?

Ẹ jẹ́ n padà sórí ike funfun, kí n má gbàgbé. Ọ̀rọ̀ Bàbá Télọ̀ wọ Ìyá Ìbejì létí, ẹ̀rù bà á, ó kó páálí àti ike dà nù lọ́jọ́ kan náà. Mo yìn ín. Àṣé a ò tíì rí nǹkan. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ojú ẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń yún un, ó ń ta á, kò lè sùn. Ó sáré padà lọ bá Aǹtí Gílóò. Aǹtí Gílóò bu òmíràn fún un, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ìpara mi ló ń tọ́jú yín, ìgbà tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lara yín bà jẹ́." Ó fi í para, ojú rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìyá Ìbejì dé, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀.

Aǹtí Nọ́ọ̀sì pè é wọlé, ó pe èmi náà mọ́ ọn (àbí mo tẹ̀ lé wọn, kò sí ìyàtọ̀). Ó ní kó ká apá sókè. Ìlà ti là lábẹ́ abíyá, ó là dé itan. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Irun ti ń yọ lágbọ̀n, irorẹ́ kún èjìká. Làpálàpá ọrùn tó rò pé ó ti san ti rìn dé àyà lábẹ́ aṣọ. Aǹtí Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ sítẹ́rọ́ìdì rèé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní clobetasol.

Clobetasol fúnra ẹ̀ kì í ṣe oògùn burúkú. Dókítà ń kọ ọ́ fún ẹni tí awọ ara ẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó kàn wà lára àwọn tó lágbára jù nínú ìpara sítẹ́rọ́ìdì ni. Wọn kì í lò ju 50 gíráàmù lọ lọ́sẹ̀ kan, wọn kì í sì í lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ léraléra. Ìyá Ìbejì ń fi para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ń jẹ awọ tín-ín-rín, ó ń ti ìfúnpá sókè, ó ń ti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Awọ tó bá ti mọ́ ọn lára, tí kò bá rí i, á bínú. Ìbínú yẹn ni Aǹtí Gílóò ń pè ní ìtọ́jú. Ara fúnra ẹ̀ máa ń po sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀. Tó bá ti rí i pé wọ́n ń bu wọlé láti ìta, á dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ti pẹ́ lórí ẹ̀, tó wá já a lójijì, lè dákú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n: kó gbé ike náà lọ fún dókítà, kí wọ́n máa já a kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti páálí tó ní mẹ́kúrì ni kò ní díẹ̀díẹ̀, èyí tó ti dà nù kò gbọdọ̀ padà wọlé mọ́, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ òun àti tàwọn ọmọ wò.

Aǹtí Nọ́ọ̀sì tún sọ èyí tó mú mi dìde: ní yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọn mọ abóra kí wọ́n tó wo fáìlì ẹ̀. Wọ́n á rán ojú ọgbẹ́ tán, awọ ò ní gba òwú. Á fẹ́ ya, ọgbẹ́ ò ní tètè jinná. Aboyún tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹ gbọ́ o.

Ẹ má rò pé òkè òkun sàn. Àbúrò mi kan wà ní Peckham, ní London, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí débi pé òun kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń ra iṣu. Ó ní lọ́hùn-ún, hydroquinone, mẹ́kúrì àti sítẹ́rọ́ìdì ò gbọdọ̀ wà nínú ìpara orí àtẹ, síbẹ̀ abẹ́ káńtà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark níbẹ̀ ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù lọ kó o, tí wọ́n ń gbé ọlọ́jà lọ sílé ẹjọ́. Mo rò pé àánú wa ló ń ṣe é. Ó wá ní ṣé mo lè bá òun fi méjì ránṣẹ́ láti Èkó, torí tibí lágbára ju tọ̀hún lọ! Mo pa fóònù. Lọ́dún 2023, NAFDAC pariwo pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di pàjáwìrì; mo fẹ́ kí wọ́n bá mi pe Peckham náà.

Lánàá, mo lọ ra òwú ìdirun ní oríta. Ilẹ̀kùn Aǹtí Gílóò ṣí díẹ̀, mo bẹjú wò ó. Ó dojú kọ báàfù, ó ń pò ó. Ó fi nǹkan bo imú, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá.

Mo ní, "Aǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kárọ́ọ̀tì ni?"

"Kárọ́ọ̀tì ni, mà. Tuntun ni mò ń pò yìí, ti ọmọ ọwọ́ ni, kí àwọ̀ wọn má baà ṣú."

Ọmọ ọwọ́! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wọlé, mo fa àga, mo jókòó. Mo ní, "Èmi ti gé kárọ́ọ̀tì sí ìrẹsì àsè káàkiri Mushin, mi ò wọ ìbọ̀wọ́ rí. Bọ́ tìẹ, kó o fi ọwọ́ lásán pò ó lójú mi. Bó o bá pò ó tán, màá ra ike méjì, màá sì sanwó ẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

Ó wo ọwọ́ ẹ̀, ó wo báàfù. Ó ní kí n má bínú, òun ti fẹ́ tilẹ̀kùn.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ o!